Bí Káàdì Gíráfíìkì Àtijọ́ Ṣe Lè Gbé Géèmù Dáadáa ní Ilẹ̀ Kétu

Káàdì gíráfíìkì ni pátákó kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo àwòrán tí èèyàn ń rí lójú ẹ̀rọ, tó sì ń tún wọn yà láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń gbá géèmù, nítorí pé bí ẹni inú géèmù bá gbé ẹsẹ̀ kan péré, gbogbo ohun tó yí i ká, ìbáà ṣe ilé, igi, òjìji tàbí ojú ọ̀run, ló gbọ́dọ̀ di yíyà lọ́tun láti ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sí. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bá yà tán ni à ń pè ní férémù. Bí káàdì bá lè ya férémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn inú géèmù yóò máa dán lọ geerege. Bí ó bá jẹ́ 30, ó ṣì ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá já wálẹ̀ sí 15, ọwọ́ ẹni tó ń gbá a yóò ti ṣe nǹkan tán kí ojú rẹ̀ tó rí i, eré náà kò sì ní dùn mọ́.

Ní Kpankou, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Kétu ní ẹkùn Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi tó jìnnà sí etíkun, káàdì tí ọwọ́ ọ̀dọ́ lè tẹ̀ kì í sábàá jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ ni, yálà ó gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù, tàbí ó ti Èkó gba ẹnubodè Ìlárá kọjá sí ìhà Kétu. Lára àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ti pẹ́ lórí àtẹ ni GTX 750 Ti tí ilé-iṣẹ́ Nvidia gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2014, GTX 1050 Ti tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àti RX 570 tí ilé-iṣẹ́ AMD mú wá sọ́jà ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wúlò gan-an fún irú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí àwọn ará Yúróòpù ń kó dànù, nítorí pé wáàtì 60 ni 750 Ti ń jẹ, wáàtì 75 ni 1050 Ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ wáàtì 75 gan-an sì ni ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, lè pèsè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a fa wáyà iná mìíràn wá sí i. RX 570 lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wáàtì 150 ló ń béèrè, ó sì nílò wáyà iná tirẹ̀ láti inú àpótí iná kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà káàkiri lórí bí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣe lè sáré sí i ló jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ní ìlú tútù, tí iná wọn kì í ṣẹ́jú, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe lè fipá mú káàdì ṣe ju ohun tí ilé-iṣẹ́ fún un lágbára láti ṣe lọ. Ní ilẹ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Káàdì tó ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tó wá bá ara rẹ̀ nínú ooru àti eruku, ti pàdánù apá kan nínú agbára tó ní láti ilé-iṣẹ́ wá, agbára tó sọ nù yìí ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbà padà kí a tó béèrè fún àlékún, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé gbígbà á padà kò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ.

Bí ooru ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ káàdì kò ṣòro láti lóye. Ṣíìpù tó wà láàárín káàdì, èyí tó ń ṣe gbogbo ìṣirò, ní ohun tó ń wọn ìgbóná rẹ̀ nínú ara rẹ̀, tí ìgbóná náà bá sì ti ń ga, ó máa ń dín ìsáré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Àwọn káàdì ìran Pascal, tí GTX 1050 Ti wà lára wọn, kì í dúró títí ìgbóná yóò fi dé dígíríì 97 tí Nvidia kọ gẹ́gẹ́ bí òpin. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin agbóoru àti fáànù tó wà lórí káàdì kò sì lè mú ṣíìpù tutù ju afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí i lọ, tó fi jẹ́ pé bí yàrá bá fi dígíríì 10 gbóná sí i, ṣíìpù náà yóò fi nǹkan bíi dígíríì 10 gbóná sí i. Nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán ilẹ̀ Kétu lè gbóná tó dígíríì 35, tí yàrá onípáànù sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn ní Jámánì yóò máa mí hẹlẹ níbẹ̀.

Eruku ló wá ń dá kún un. Ilẹ̀ pupa ni òkè Kétu, erùpẹ̀ rẹ̀ sì lẹ́búlẹ́bú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tún ń gbé eruku tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti aṣálẹ̀, títí kan ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ibi tí eruku ti ń ru jù lọ láyé. Fáànù kọ̀ǹpútà ń fa eruku yìí wọlé, ó ń tò ó sáàárín àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára irin agbóoru, títí tí ojú àwọn abẹ náà yóò fi dí pátápátá, tí fáànù yóò máa yí kíkankíkan láìsí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo fáànù ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, nígbà tí géèmù rẹ̀ ń lọ́ra sí i, ti rí àmì tó yẹ kó rí.

Kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí ìgbóná náà pẹ̀lú ojú. MSI Afterburner, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a kì í san owó fún, tó sì ń bá káàdì ilé-iṣẹ́ yòówù ṣiṣẹ́, lè fi ìgbóná ṣíìpù, ìsáré rẹ̀, iye mẹ́mọ́rì tó ń lò àti ìdá iṣẹ́ tó ń ṣe hàn ní igun ojú ẹ̀rọ bí géèmù ti ń lọ. Bí ìgbóná bá sún mọ́ dígíríì 80 tàbí tó ti kọjá rẹ̀, tí ìsáré sì ń já wálẹ̀ bí ìṣẹ́jú ti ń gorí ìṣẹ́jú, ooru ni ẹjọ́ náà. Bí ìgbóná bá wà níwọ̀nba, ṣùgbọ́n tí ìdá iṣẹ́ káàdì kò dé 90 nínú 100, káàdì kọ́ ló ń fa géèmù sẹ́yìn. Pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà, tí í ṣe olórí ìṣirò gbogbo ẹ̀rọ náà, ni kò ráyè fún un níṣẹ́ tó. Nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ohun tó sábà máa ń fa èyí ni pé igi mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé igi méjì tó dọ́gba, tí a fi sí àwọn ihò tó bára wọn mu, yóò jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ máa gba ọ̀nà méjì fa dátà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lọ ra káàdì mìíràn láìwo èyí ti ná owó rẹ̀ sí ibi tí kò dùn ún.

Ìtọ́jú káàdì fúnra rẹ̀ gba sùúrù ju òye lọ. A ó pa kọ̀ǹpútà, a ó yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, a ó sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. A ó fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná tó wà lára èèyàn má baà fò sí ṣíìpù, ewu tó pọ̀ jù lọ nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ. A ó tú ìdè káàdì lára àpótí, a ó tẹ ìkọ́ kékeré tó wà ní ìparí ihò náà, a ó sì fà á jáde ní títọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, tó láti gbọn eruku kúrò láàárín àwọn abẹ. Bí a bá sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ìka gbọ́dọ̀ di fáànù mú kí ó má yí, nítorí pé fáànù tí atẹ́gùn bá ń yí nípá lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́, ó sì lè dá iná padà sínú káàdì. Ẹnu kọ́ ni a fi ń fẹ́ ẹ, torí pé itọ́ ń bá èémí jáde.

Lábẹ́ irin agbóoru ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí rí wà. Péèsì kan tí wọ́n fi sáàárín ṣíìpù àti irin láti ilé-iṣẹ́, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí àwọn àlàfo tí ojú kò lè rí kí ooru lè kọjá, máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì máa ń sán. Ní ẹ̀yìn káàdì, ìdè mẹ́rin ló sábà máa ń di irin náà mú. A kì í tú ọ̀kan tán kí a tó bọ́ sí èkejì, ńṣe ni a ń dẹ ọ̀kan díẹ̀, tí a ó sì dẹ èyí tó kọjú sí i ní ìdábùú, kí wíwúwo irin má baà tẹ̀ sí apá kan kí ó sì ṣẹ́ etí ṣíìpù. Ọtí isopropyl ni a fi ń nu péèsì àtijọ́ kúrò, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe kẹrosíìnì. Tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ ni a ó fi sí àárín ṣíìpù, ìdè ni yóò tẹ̀ ẹ́ tán bí a bá ti ń dì wọ́n padà ní ìdábùú. Àwọn pátákó rírọ̀ tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì kò gbọ́dọ̀ ya; bí wọ́n bá ti ya, òmíràn tó nípọn bákan náà ni kí a fi rọ́pò wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lórí irú iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa bó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe, ṣùgbọ́n kí ó dúró tì í.

Ibi tí a gbé àpótí kọ̀ǹpútà sí náà ń sọ̀rọ̀. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni eruku pọ̀ sí jù, ẹ̀yìn tó fara ti ògiri kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí ọ̀nà jáde. Tábìlì kékeré àti àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ kan lẹ́yìn àpótí ti tó. Àwọn kan máa ń ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, wọ́n á sì kọ fáànù ilé sí i. Ìgbóná yóò rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà ọyẹ́, ohun tí wọ́n jèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ni eruku yóò gbà padà ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná so mọ́ èyí. Fólítì 220 ni iná tí ilé-iṣẹ́ SBEE ń pín kiri ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n ní ìparí okùn iná tó gùn, nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń tan iná, ó lè lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì tún ta padà sókè lójijì. Ẹ̀rọ amúnádúró tó wà láàárín ògiri àti kọ̀ǹpútà sàn ju fáànù aláràbarà èyíkéyìí lọ. Fún ẹni tó ń lo iná oòrùn, wáàtì kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: káàdì wáàtì 75 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta ti jẹ wáàtì-wákàtí 225 nínú bátìrì, láì tíì ka ojú ẹ̀rọ àti pírósẹ́sọ̀. Nínú MSI Afterburner kan náà, a lè sọ fún káàdì pé kó má jẹ ju ìdá 80 nínú 100 iná tó ń jẹ lọ, ohun tí a ó sì pàdánù nínú férémù yóò kéré sí ohun tí a fi pamọ́ nínú iná àti ooru, nítorí pé ìwọ̀nba ìsáré tó kẹ́yìn ni ṣíìpù fi ń jẹ iná jù. Lórí RX 570, dídín fólítì ṣíìpù kù díẹ̀díẹ̀, tí a ń dán an wò lẹ́yìn ìdínkù kọ̀ọ̀kan, lè mú kí káàdì tutù láìjẹ́ pé férémù dín rárá. Fífipá mú káàdì sáré ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ni òdì kejì èyí: férémù díẹ̀ ni èrè rẹ̀, ooru púpọ̀ ni gbèsè rẹ̀, kò sì bá ojú ọjọ́ Kétu mu.

Nígbà tí káàdì bá ti rí afẹ́fẹ́ mí, ìgbà náà ni ó tó kan ètò inú géèmù, ohun méjì ló sì yẹ kí ẹni tó ń tò ó yà sọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì inú káàdì àti iye tóótó àwọ̀ tí káàdì ní láti kùn. Mẹ́mọ́rì inú káàdì ni ibi tí ó ń kó àwòrán ara ògiri, aṣọ àti ilẹ̀ inú géèmù sí. Gígábáìtì 2 ni ti GTX 750 Ti, gígábáìtì 4 ni ti GTX 1050 Ti. Àgbẹ̀ tó ní àgbàdo nínú àká ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bù ú wá sílé ìdáná, ṣùgbọ́n bí àká bá kún, tí ìyókù wà lóko, oúnjẹ yóò dúró di ìgbà tí ẹni tó lọ sóko bá dé. Láti inú mẹ́mọ́rì tirẹ̀, 1050 Ti lè fa gígábáìtì 112 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ààyè bá kún, tó di pé ó ń lọ fa nǹkan láti inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tó ń gbà kò lè gbé ju nǹkan bíi gígábáìtì 16 lọ, nínú àwọn kọ̀ǹpútà àgbà kò tilẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ. Ibí yìí ni géèmù ti máa ń dúró gìrì fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tí yóò tún lọ, tí yóò tún dúró. Dídá àwòrán ojú nǹkan sí ìwọ̀n tí mẹ́mọ́rì lè gbà ló ń wo èyí sàn; bí mẹ́mọ́rì bá sì ṣì ní ààyè, kò sí ìdí láti fi ojú géèmù wọ́ ilẹ̀, torí pé àwòrán tó mọ́ kedere kò fi bẹ́ẹ̀ dá káàdì lágara.

Ti tóótó àwọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ojú ẹ̀rọ 1920 lọ́nà 1080 ní tóótó 2,073,600, gbogbo rẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ kùn fún férémù kọ̀ọ̀kan; bí a bá dín in sí 1600 lọ́nà 900, ó di 1,440,000; bí a bá dín in sí 1280 lọ́nà 720, ó di 921,600, èyí tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Kò sí bọ́tìnnì kan nínú géèmù tó ń tu káàdì lára tó èyí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni AMD ti gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní FSR, tó ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré, kí ó wá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ, kí ó sì pọ́n etí rẹ̀ kí ó má baà ṣú; ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì àtijọ́, títí kan ti Nvidia tó jẹ́ orogún AMD. DLSS, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ tí Nvidia ń polówó, kò sí fún 750 Ti àti 1050 Ti, nítorí pé ẹ̀yà kan tó wà lára àwọn káàdì RTX nìkan ló ń lò.

Grand Theft Auto V, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, jẹ́ ibi tó dára láti fi ojú rí gbogbo èyí, nítorí pé lókè ojú-ewé ètò àwòrán rẹ̀, ó fi ọ̀pá kan hàn tó ń gùn tàbí tó ń kúrú bí a ṣe ń yí nǹkan padà, tó ń sọ iye mẹ́mọ́rì káàdì tí ètò náà yóò gbà. Inú géèmù yìí náà ni a ti lè rí ohun tó ń jẹ férémù jẹ. Koríko ni. Bí awakọ̀ inú géèmù bá wà láàárín ìlú, ohun gbogbo lè máa lọ dáadáa, àmọ́ bó bá wọ inú ìgbẹ́ tí ètò koríko sì wà lókè, férémù yóò wó lulẹ̀. Òjìji tó rọ̀ létí, ìfarahàn nǹkan nínú omi àti MSAA, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń mú etí àwòrán jọ̀lọ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé koríko. Ẹni tó bá rẹ mẹ́rin yìí sílẹ̀ lè fi ìyókù sí àárín láìbẹ̀rù.

Dídì férémù mọ́ iye kan tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Káàdì tó ń ya 55 nísinsìnyí, tó já sí 28 láìpẹ́, tó tún fò padà sí 50, ń dá ojú lágara ju èyí tó dúró ṣinṣin lórí 30 tàbí 40 lọ, ó sì ń gbóná jù ú lọ.

Níbi tí a ti ń rà á, ẹ̀tàn pọ̀. GT 1030 tí Nvidia gbé jáde ní ọdún 2017 ní mẹ́mọ́rì tó ń fa gígábáìtì 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bọ́ sọ́jà pẹ̀lú mẹ́mọ́rì DDR4 tí kò lè fa ju 16.8 lọ, ẹni tí kò bá wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lè san owó ti àkọ́kọ́ gba ti ìkejì. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń mú káàdì tó gbó gan-an, bíi GTS 450, tí wọ́n á yí ètò inú rẹ̀ padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Láti ọdún 2018 ni ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ GPU-Z ti ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí olùrà fi dán káàdì wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà, nígbà tí Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń fi káàdì gíráfíìkì wà nígbà náà, yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tí kò fi nílò káàdì mọ́, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru di títà, RX 570 sì wà lára wọn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ti bàjẹ́. Fáànù wọn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a sì fún wọn ní péèsì tuntun.

Nvidia ti dáwọ́ dúró láti máa ṣe dírááfà tuntun fún géèmù lórí àwọn ìran Maxwell àti Pascal láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Dírááfà ni ètò tó ń túmọ̀ àṣẹ géèmù sí èdè tí káàdì gbọ́. 750 Ti àti 1050 Ti wà nínú àwọn tó kàn, wọn yóò sì máa rí àtúnṣe ààbò nìkan gbà títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2028. Káàdì kò ní ṣíwọ́ iṣẹ́ nítorí èyí. Ohun tó yẹ ni kí a gba dírááfà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí a tọ́jú rẹ̀ sórí fíláàṣì, nítorí pé ó ju mẹ́gábáìtì 500 lọ, dátà MTN tàbí Moov kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ọ̀pọ̀ géèmù tó dùn kò tilẹ̀ béèrè ju ohun tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè ṣe lọ. Aurion, tí ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní ìlú Yaoundé, orílẹ̀-èdè Cameroon, gbé jáde ní ọdún 2016, jẹ́ eré tí wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, tí ìtàn rẹ̀ sì ti inú àṣà ilẹ̀ Áfíríkà jáde, kò sì ní wọ 750 Ti lọ́rùn. Àmọ́ àwọn kan wà tí ìmọ́tótó, péèsì àti ètò kò lè gbé. Indiana Jones and the Great Circle ti oṣù Kejìlá ọdún 2024 àti Doom: The Dark Ages ti ọdún 2025 fẹ́ kí káàdì ní ẹ̀yà tó ń ṣírò bí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ẹ̀yà tí kò sí lára káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n sì béèrè wà ní kíkọ lójú-ewé ìtajà wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á kí ó tó ra dátà.